Ṣíṣáájì ọkọ̀ oníná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ṣíṣáájì ọkọ̀ oníná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni fífi iná mànàmáná kún bátìrì ọkọ̀ tí kì í lo epo bẹntiróòlù tàbí dísù, yálà nínú ilé, ní ibi iṣẹ́, tàbí ní ibùdó tí a kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó kan mímọ ibi tí iná wà, mímọ irú púlọ́ọ̀gì tí ọkọ̀ ń lò, àti ṣíṣe ìṣirò ìrìn-àjò kí awakọ̀ tó jáde nílé. Ní ìlú tí ilé epo pọ̀ sí, ṣùgbọ́n tí ibùdó ìṣáájì kò tíì pọ̀, ìṣirò yìí ni ó ń sọ bóyá ọkọ̀ yóò dé ibi tí ó ń lọ tàbí yóò dúró sójú ọ̀nà.

Àpilẹ̀kọ yìí lo Ẹgbẹ́dá, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Agbègbè ibùgbé ni Ẹgbẹ́dá jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń jáde ní òwúrọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Yábàá tàbí Erékùṣù Èkó, wọn a sì padà ní alẹ́. Ẹgbẹ́dá yìí yàtọ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

## Orúkọ

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà *iná* dúró fún ohun tí ń jó, fún ìmọ́lẹ̀ àtùpà, àti fún agbára tí ń gba inú wáyà kọjá. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi *mànàmáná*, tí í ṣe orúkọ ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ lójú ọ̀run nígbà òjò, kún un láti fi ìyàtọ̀ hàn. Ọkọ̀ oníná mànàmáná ni ọkọ̀ tí mọ́tò iná ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí bátìrì sì ń bọ́ mọ́tò náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe *ṣáájì* jẹ́ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà bí ó bá kan ọkọ̀.

## Ìtàn

Ọkọ̀ oníná mànàmáná kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní títì Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kí ọkọ̀ elépo tó borí. Ìgbà tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nissan ti Japan gbé ọkọ̀ Leaf jáde ní ọdún 2010, tí Tesla ti Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó ìṣáájì tirẹ̀, Supercharger, sí ẹ̀bá òpópónà ní ọdún 2012.

Ní Nàìjíríà, ní ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stallion fi ọkọ̀ Hyundai Kona oníná hàn, èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó wà ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé ó lè rin kìlómítà 482 lórí ìṣáájì kan. Ní ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìdàgbàsókè ọkọ̀ ṣíṣe, NADDC, ṣí àwọn ibùdó ìṣáájì tí ń lo agbára oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, Yunifásítì Èkó ní Akọkà, àti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà ni Jelani Aliyu, ayàwòrán ọkọ̀ tí a mọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí Chevrolet Volt ní General Motors.

Ní ọdún 2023, Oando Clean Energy àti LAMATA, àjọ tí ń ṣàkóso ìrìnnà ní Èkó, kó bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná wọ ìlú láti fi ṣe ìdánwò. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí iná mànàmáná ń wà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná jáde kúrò ní gbọ̀ngàn ìpàdé wọ inú ilé àwọn ènìyàn ni ìyọkúrò owó ìrànwọ́ epo, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Jálá epo tí kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, lítà kan lédè mìíràn, ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo nígbà tí ó fi di ìparí Oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

## Bí ọkọ̀ ṣe ń gba iná

Bátìrì ni táǹkì ọkọ̀ oníná mànàmáná. Kílówáàtì-wákàtí, tí a ń kọ ní kWh, ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì gbà. Kílówáàtì, tí a ń kọ ní kW, ni a fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé. A lè fi wé àmù àti ẹ̀rọ omi: kWh ni bí àmù ṣe tóbi tó, kW sì ni bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Mítà iná tí ó wà nínú ilé ń ka kWh kan náà yìí; òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní yúnìtì.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọkọ̀ lè gbà ṣáájì:

* Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ oníhò mẹ́ta bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wáyà ìṣáájì tí a ń gbé sínú búùtù ọkọ̀ sábà máa ń fa nǹkan bí 2.3 kW. Wákàtí 10 níbẹ̀ yóò fún ọkọ̀ ní agbára tí yóò rin nǹkan bí kìlómítà 115.
* Àpótí ìṣáájì ara ògiri. Èyí ń fa nǹkan bí 7 kW. Ó nílò wáyà tí ó nípọn, tí a fà tààrà láti ibi bírékà ilé.
* Iná onífésì mẹ́ta. Ó lè fúnni ní 11 tàbí 22 kW, bí ẹ̀rọ ìṣáájì tí ó wà nínú ọkọ̀ bá lè gbà á.
* Ìṣáájì kíákíá. Ibùdó ńlá ni ó ń ṣe èyí. Ó ń rán iná DC tààrà sínú bátìrì, láti 50 kW lọ sókè. Ní 50 kW, ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 64 kWh lè kúrò ní ìdá 10 dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Lẹ́yìn ìdá 80, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dín ìyára náà kù láti dáàbò bo bátìrì. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà kì í sábà dúró dìgbà tí bátìrì bá kún bámúbámú.

Gbogbo iná tí ó jáde láti inú mítà kọ́ ni ó ń wọ bátìrì. Díẹ̀ ń bá ooru lọ. Nínú ìṣirò tí ó wà nísàlẹ̀, a fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òdiwọ̀n àdánù yìí, a sì gbà pé ọkọ̀ ń jẹ 18 kWh fún kìlómítà 100.

## Irú púlọ́ọ̀gì

Ọkọ̀ elépo lè wọ ilé epo èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ẹnu púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ oníná yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Type 2 àti CCS2 ni a ń lò ní Yúróòpù; Type 1 àti CCS1 ni a mọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà, níbi tí púlọ́ọ̀gì Tesla, NACS, náà ti ń gbilẹ̀; CHAdeMO ni ti Japan, òun sì ni ó wà lára ọ̀pọ̀ Nissan Leaf; GB/T ni ti Ṣáínà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Èkó nítorí pé tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń rà, láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n sì ti ń wá. Ọkọ̀ méjì tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ojúlé kan náà lè máà lè lo wáyà ara wọn. Bákan náà, fóòtì 120 péré ni a ṣe àwọn wáyà ìṣáájì alágbèéká kan tí ń bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá fún. Bí a bá ti irú rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fóòtì 230, ó lè jóná. Ẹni tí ó fẹ́ ra tòkúnbọ̀ oníná gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó sanwó: irú púlọ́ọ̀gì tí ó wà lára rẹ̀, fóòtì tí a kọ sára wáyà rẹ̀, àti iye tí ó ṣẹ́ kù nínú agbára bátìrì rẹ̀. Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù, nítorí bátìrì ń gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún.

## Iná ní Ẹgbẹ́dá

Àwọn ibùdó tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ṣí wà nínú ọgbà yunifásítì. Èyí tí ó sún mọ́ Ẹgbẹ́dá jù nínú wọn ni ti Akọkà, ní òdìkejì ìlú, ẹni tí yóò sì dé ibẹ̀ láti Alímọ̀ṣọ́ yóò la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá. Nítorí náà, fún ẹni tí ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, Akówọnjọ, Ìdímù tàbí Ìkòtún, ilé ni ibùdó ìṣáájì àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ó bi ara rẹ̀ kì í ṣe «Ibùdó wo ni ó sún mọ́ mi?» bí kò ṣe «Wákàtí mélòó ni iná ń wà ní àdúgbò mi, ìgbà wo ni ó sì ń dé?»

Ikeja Electric ni ó ń pín iná fún Alímọ̀ṣọ́. Láti ọdún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní Nàìjíríà ti pín àwọn oníbàárà wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí iná lójúmọ́:

* Band A: wákàtí 20, ó kéré tán
* Band B: wákàtí 16
* Band C: wákàtí 12
* Band D: wákàtí 8
* Band E: wákàtí 4

Ìsọ̀rí yìí ń tẹ̀ lé okùn iná ńlá tí ó ń bọ́ tírańsífọ́mà àdúgbò. Òpópónà méjì tí ó kàn ra wọn lè wà ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé méjì tí owó orí wọn dọ́gba lè máà wúlò bákan náà fún onímọ́tò oníná. Wákàtí nìkan kọ́ ni ó sì ṣe kókó. Bí iná bá ń wá láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 12 ni lójú ìwé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó wà ní ibi iṣẹ́ láti òwúrọ̀ kò ní rí ju wákàtí díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Iná òru ni iná ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ mítà náà wà ńbẹ̀. Nínú ilé tí ayálégbé púpọ̀ ti ń pín mítà kan, tàbí tí wọ́n ti ń san owó tí a fojú dá, ọkọ̀ tí ń fa iná lóru lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ayálégbé àti ayálégbé, tàbí láàárín ayálégbé àti onílé. Ọkọ̀ tí ń rin kìlómítà 60 lóòjọ́ lè jẹ iná ju gbogbo ohun tí ń lo iná nínú yàrá àti pálọ̀ kan lọ. Ẹni tí kò ní mítà tirẹ̀, tí kò sì ní àyè ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà, kò tíì ní ibùdó ìṣáájì, bí iná tilẹ̀ ń wà fún wákàtí 24. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àdéhùn pẹ̀lú onílé àti mítà kékeré tí yóò máa ka iná ọkọ̀ nìkan ni ó ń ṣáájú ríra ọkọ̀.

## Iye owó

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye iná Band A gòkè láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kWh kan. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Oṣù Keje ọdún kan náà ó jẹ́ ₦209.50. Pẹ̀lú iye yìí, a lè fi ìrìn-àjò kìlómítà 260, tí í ṣe nǹkan bí àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn, wé ọkọ̀ elépo:

* Ọkọ̀ oníná yóò jẹ nǹkan bí 47 kWh; mítà yóò ka nǹkan bí 52 kWh; owó rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ₦10,900.
* Ọkọ̀ elépo tí ń jẹ lítà 8 fún kìlómítà 100 yóò jẹ nǹkan bí lítà 21. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, owó rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ₦21,000.

Èrè yìí ń pòórá bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a fi ṣáájì ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń lo bẹntiróòlù kì í sábà mú ju 2 kWh jáde nínú lítà epo kan. Láti rí 52 kWh, yóò jẹ lítà 26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó ju ohun tí ọkọ̀ elépo ìbá jẹ fún ìrìn-àjò kan náà. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ọ̀nà láti bọ́ nínú ìṣòro, kì í ṣe ọ̀nà láti fi owó pamọ́.

Agbára oòrùn ń dín ìnáwó kù fún ẹni tí ó ní òrùlé tirẹ̀. Páńẹ́lì sólà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 400, lè mú nǹkan bí 13 kWh wá lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 70. Ní ìgbà òjò, iye yìí ń dín kù. Ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nílé ní ọ̀sán láti gbà á, àfi bí ilé bá ní bátìrì tí yóò tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

## Wíwá ibùdó ìṣáájì

Àwọn áàpù orí fóònù ni awakọ̀ sábà máa ń lò. PlugShare, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ń fi ibùdó hàn lórí máàpù, ó sì ń jẹ́ kí awakọ̀ kọ ìròyìn sílẹ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Open Charge Map jẹ́ àkójọ tí ẹnikẹ́ni lè fi kún. Nínú OpenStreetMap, máàpù àgbáyé tí àwọn olùyọ̀ǹda ń yà láti ọdún 2004, a lè sàmì sí ibùdó ìṣáájì, irú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ àti wákàtí tí ó ń ṣí. Google Maps náà lè wá ibùdó tí ó sún mọ́ni. A Better Routeplanner, tí a ṣe ní Swídìn, ń ṣe ju wíwá ibùdó lọ: ó ń gba orúkọ ọkọ̀ àti iye tí ó wà nínú bátìrì, ó sì ń ṣírò ibi tí awakọ̀ yóò ti dúró.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí gbára lé ìròyìn tí àwọn awakọ̀ fi sílẹ̀. Níbi tí awakọ̀ oníná kò pọ̀ sí, ìròyìn kì í pọ̀, àmì tí ó wà lórí máàpù sì lè ti pẹ́. Ibùdó lè wà nínú ọgbà tí kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, tàbí kí iná máà sí níbẹ̀, tàbí kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sílé. Ìdí nìyí tí ìpè fóònù fi ṣe pàtàkì. Ohun mẹ́rin ni awakọ̀ ń béèrè: Ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lónìí? Púlọ́ọ̀gì wo ni ó ní? Iná ìjọba ni tàbí jẹnẹrétọ̀, kí sì ni iye rẹ̀? Aago mélòó ni ẹ ń tì? Awakọ̀ tí ó bá padà wá kọ ohun tí ó rí sórí máàpù ti dín wàhálà ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kù.

Ibòmíràn tí iná wà ni ilé ìtura, ilé ìtajà ńlá, ọgbà ilé-iṣẹ́ àti ilé ẹbí. Ẹni tí ó fẹ́ sùn mọ́jú ní ìlú mìíràn lè béèrè lọ́wọ́ ilé ìtura bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ó tó gba yàrá.

## Ìgbáradì ìrìn-àjò

### Láti Ẹgbẹ́dá sí Victoria Island

Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 60. Ọkọ̀ yóò jẹ nǹkan bí 11 kWh lórí rírìn. Mọ́tò iná kì í jẹ nǹkan kan tó bá dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì nígbà tí awakọ̀ bá ń tẹ bíréèkì. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń jẹun nígbà náà. Bí ó bá jẹ nǹkan bí 1 kW fún wákàtí mẹ́rin, àpapọ̀ yóò di 15 kWh. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yóò dá a padà láàárín wákàtí 7 sí 8. Ilé tí iná òru rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ibùdó ìta fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

### Láti Ẹgbẹ́dá sí Ìbàdàn

Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, gùn tó kìlómítà 127.6. Bí a bá ka ìrìn-àjò láti Ẹgbẹ́dá sí nǹkan bí kìlómítà 130, àlọ yóò jẹ nǹkan bí 23 kWh. Èkó wà ní etí òkun, Ìbàdàn sì ga ju ú lọ ní nǹkan bí mítà 200. Gígòkè náà yóò fi nǹkan bí 1 kWh kún un, ọkọ̀ yóò sì gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀ nígbà àbọ̀.

Kona tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 64 kWh, tí ó kúrò nílé ní kíkún, lè lọ kí ó sì bọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ṣẹ́ kù. Nissan Leaf àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 24 kWh nígbà tí ó wà ní tuntun, tí ìdá 75 péré sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ní 18 kWh, ìyẹn kìlómítà 100. Kò ní dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ méjèèjì ni à ń pè ní ọkọ̀ oníná mànàmáná, ṣùgbọ́n èkejì jẹ́ ọkọ̀ àárín ìlú. Òun náà lè dé Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 80 ní ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá àti Sàngó Ọ̀tà, ṣùgbọ́n kò ní lè padà láìsí ìṣáájì níbẹ̀.

### Ìlànà gbogbogbòò

* Fi ohun tí ọkọ̀ ń jẹ gan-an ṣírò, kì í ṣe iye tí a kọ sínú ìwé ìpolówó.
* Fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀: òjò, ọ̀nà tí a dí, tàbí ìjàǹbá tí ó dá ọkọ̀ dúró.
* Eré àsápajúdé ń jẹ iná. Ọkọ̀ tí ń sáré 120 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ púpọ̀ ju èyí tí ń sáré 90 lọ.
* Ní ibi ìṣáájì kejì lọ́kàn kí o tó kúrò nílé, kí o sì rí i pé agbára tí ó kù yóò gbé ọ dé ibẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́.
* Ṣáájì ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Bí iná àdúgbò kò bá ṣeé gbójú lé, bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ méjì ṣáájú.

## Ààbò

Fífa iná fún wákàtí mẹ́jọ láìdáwọ́ dúró yàtọ̀ sí lílo áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìfàgùn lè gbóná kí ó sì jó. Oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fa wáyà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀, kí ó fi bírékà tirẹ̀ sí i, kí ó sì rí i dájú pé wáyà ilẹ̀ wà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣáájì kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí. Bí iná bá dé láìkún, tí àwọn ará Èkó ń pè ní «half current», ìṣáájì yóò fà tàbí kí ó dúró. Bí iná bá sì dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń gé iná nírú àkókò bẹ́ẹ̀ wúlò. A kò gbọ́dọ̀ fi ojúpọ̀ wáyà sílẹ̀ nínú omi tàbí sínú ojò.

## Ní àwọn ibòmíràn

Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro, tí ó ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 2022. Àwọn ọlọ́kadà rẹ̀ ní Kútọnu àti Lomé kì í dúró ṣáájì. Wọ́n ń yọ bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀ ní ibùdó, wọ́n sì ń gba èyí tí ó kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀nà yìí bá alùpùpù mu nítorí pé bátìrì rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ gbé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibùdó ìṣáájì gbogbogbòò ti lé ní 70,000 ní ìparí ọdún 2024. Síbẹ̀, ìṣòro ayálégbé Ẹgbẹ́dá kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá tí ń gbé ní agbègbè Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tí ń gbé nínú fúláàtì, tí ó ń gbọ́kọ̀ sí ojú títì, kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò fa wáyà dé ibi ọkọ̀. Ọ̀nà kan tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù gbà yanjú rẹ̀ ni fífi ẹnu ìṣáájì sára òpó iná títì. Ní Norway, nǹkan bí 9 nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí a tà ní ọdún 2024 ni ó jẹ́ oníná. Ní Áfíríkà, Ethiopia kéde ní ọdún 2024 pé òun kò ní gba ọkọ̀ elépo wọlé mọ́.

## Òfin àti ọjọ́ iwájú

Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe òfin lórí pípèsè àti pípín iná láàárín ààlà wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2024. Ohun tí ó bá yọrí sí ni yóò kan ọkọ̀ oníná jù lọ ní Alímọ̀ṣọ́, nítorí pé ibùdó ìṣáájì, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, iná kan náà tí ó ń wọ ilé ni yóò lò. Níbi tí iná òru bá ti dúró ṣinṣin, tí ayálégbé sì ní mítà tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan tí ó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí ti di ibùdó. Níbi tí kò bá ti sí, awakọ̀ yóò máa fi ìṣirò, ìpè fóònù àti ìròyìn àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn.